Product owner ní àjọ ìjọba

Product owner ni orúkọ ipò tí a ń fún ẹni kan ṣoṣo tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti pinnu ohun tí ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ orí ayélujára kan yóò máa ṣe, èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀, àti èyí tí a kò ní ṣe rárá. Ní àjọ ìjọba, òun ni ó dúró láàárín àwọn aráàlú tí wọ́n fẹ́ lo iṣẹ́ náà, àwọn aláṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí owó rẹ̀, àti àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́. Kò pọn dandan kí ó mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò lò ó, kí ó sì ní àṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè.

Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun-ìní ẹni tí ó wà ní ipò yìí. Ti gbogbo ìlú ni, owó ìlú ni a fi ṣe é. Ẹni tí a fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹbí sí lọ́wọ́ ni ó jọ jù: kò lè ta ilé náà, ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò, ojú rẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò máa wò.

Orísun orúkọ náà

Inú ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Scrum ni orúkọ yìí ti wá. Ní ọdún 1986, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan méjì, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà Harvard Business Review, nínú èyí tí wọ́n ti fi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣẹ̀dá ọjà tuntun wé àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù rọ́gíbì, tí gbogbo wọn jọ ń sáré síwájú pọ̀. Ken Schwaber àti Jeff Sutherland mú èrò yìí wọ inú iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní gbangba ní àpérò kan ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1995. Àwọn méjèèjì wà lára ènìyàn 17 tí wọ́n fọwọ́ sí ìkéde Agile ní ìpínlẹ̀ Utah ní oṣù kejì ọdún 2001. Ìwé kékeré tí wọ́n fi ṣàlàyé òfin Scrum kọ́kọ́ jáde ní 2010. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé ẹni kan ṣoṣo ni product owner, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Àwọn ẹlòmíràn lè gbà á nímọ̀ràn, ìgbìmọ̀ lè fẹ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ìpinnu ti ń jáde.

Kí ọ̀nà yìí tó dé, bí a ti ń kọ́ afárá ni a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ìjọba. A ó kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sínú ìwé ńlá kan, a ó gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, a ó sì dúró fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá dé, òfin lè ti yí padà, ẹni tó kọ ìwé náà lè ti fẹ̀yìntì, ohun tí aráàlú nílò sì lè máà jọ ohun tó wà nínú ìwé mọ́. Nínú Scrum, a ń pín iṣẹ́ sí ìpele kéékèèké tí kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ohun kan wà tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn, kí product owner sì wò ó bóyá ó wúlò kí a tó máa lọ síwájú.

Ohun tí ó ń ṣe

Irinṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe kókó jù ni àkójọ iṣẹ́ tó kù láti ṣe, tí a tò láti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù dé èyí tó lè dúró. Ó rọrùn láti kọ àkójọ; títò ó ni iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá sí ọ́fíìsì ni yóò sọ pé tòun ni kó wà lókè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ó ní láti ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, NIN, tó jẹ́ díjíìtì 11, ó sì ní láti fi nọ́ḿbà náà ránṣẹ́ láti orí fóònù kí ó tó gba kóòdù tí yóò mú lọ sí ibùdó ìforúkọsílẹ̀. Láti inú àkọsílẹ̀ NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ jáde. Bí ẹni tó tẹ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tó gba NIN bá ti ṣe àṣìṣe, àṣìṣe yẹn ni yóò bá a dé inú ìdánwò, dé inú ìwé ìgbaniwọlé, JAMB kò sì lè bá a tún un ṣe. Ó di dandan kí ó kọ́kọ́ padà sí ọ̀dọ̀ àjọ NIMC. Bí ó bá jẹ́ pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìforúkọsílẹ̀ parí, ọdún kan gbáko ló fẹ́ lọ yẹn.

Product owner tó bá gbọ́ ìtàn yìí ní láti yan. Ṣé kí àwọn onímọ̀ kọ ojú-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà lọ́dọ̀ NIMC ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ó tó san kọ́bọ̀? Àbí kí wọ́n kọ́kọ́ tún apá tí a fi ń sanwó ṣe, nítorí pé àwọn báńkì ń ráhùn? Àbí kí wọ́n ṣe ohun tí ọ̀gá kan láti òkè fẹ́, pé kí àwòrán òun máa yọ ní ojú-ìwé àkọ́kọ́? Àwọn onímọ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí kì í ṣe ìbéèrè kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ìṣúná kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí kò bá akẹ́kọ̀ọ́ náà pàdé rí. Ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀, tí ó sì lè kọ̀ fún ọ̀gá láìjẹ́ pé wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ni product owner lóòótọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó ń jókòó ti àwọn onímọ̀ lójoojúmọ́ láti dá wọn lóhùn, ó ń yẹ iṣẹ́ tó parí wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú, ó sì ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lo iṣẹ́ náà láti fojú ara rẹ̀ rí i. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe.

Ìyàtọ̀ láàárín ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni

Ilé-iṣẹ́ aládàáni lè yan àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí báńkì kan bá rí i pé àwọn àgbàlagbà tí kò ní fóònù olóye kò mú èrè wá, ó lè gbàgbé wọn. Àjọ ìjọba kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé ní oko lẹ́yìn Ìṣẹ́-Èkìtì ní ẹ̀tọ́ sí nọ́ḿbà ìdánimọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá báńkì ní Èkó, kò sì sí àjọ mìíràn tí ìyá náà lè lọ bí ìkọ̀kan bá já a kulẹ̀. Nítorí náà, iye owó tó wọlé kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ product owner ìjọba. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni iye ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì parí láìsí pé wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀.

Òfin tún dè é lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí kò de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìgbéṣẹ́síta ti ọdún 2007 ló ń darí bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, àjọ ìjọba àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ NITDA kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọdọọdún ni ìṣúná ń jáde. Bí a bá sì ti kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, product owner tó fẹ́ yí ètò padà nítorí ohun tí ó rí lọ́dọ̀ aráàlú lè rí i pé agbẹjọ́rò ni òun nílò, kì í ṣe akọ̀wé ètò.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti ìwà. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé a kì í làágùn iṣẹ́ ìjọba. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ju ìmẹ́lẹ́ lọ: iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò ní ẹni tí ó dùn jù. Ìwé á kúrò ní tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi àmì rẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí a lè nàka sí. Ipò product owner ni a gbé kalẹ̀ láti mú kí iṣẹ́ náà ní ẹni tí yóò làágùn lé e lórí.

Ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì

Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ni àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ máa ń lò jù. Ní 2005, àjọ náà pa ètò kan tì, tí wọ́n ń pè ní Virtual Case File, lẹ́yìn tí ó ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 170 dọ́là. Ní 2006, ó gbé iṣẹ́ tuntun, Sentinel, fún ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un gùn dé mílíọ̀nù 451 dọ́là. Ní 2010, púpọ̀ nínú owó náà ti tán, iṣẹ́ kò sì tíì parí. FBI gba iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dín àwọn tó ń ṣe é kù gidigidi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo Scrum. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2012.

Ìkànnì HealthCare.gov, tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 kí àwọn aráàlú lè ra ìbánigbófò ìlera, kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́fà péré ló rí i forúkọ sílẹ̀ parí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìlera wọn gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2016, ohun tó tọ́ka sí pé ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìṣòro náà ni pé kò sí olórí kan pàtó fún iṣẹ́ náà. Agbaṣẹ́ṣe pọ̀, ẹ̀ka pọ̀, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ló ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú ìlànà mẹ́tàlá tí US Digital Service, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, fi léde fún àwọn àjọ ìjọba, ìkẹfà pàṣẹ pé kí a yan olórí kan ṣoṣo kí a sì mú un dáhùn fún iṣẹ́ náà, ó sì dárúkọ product owner ní tààrà.

Ní Bírítéènì, ìròyìn tí Martha Lane Fox kọ ní 2010 ló fa ìdásílẹ̀ Government Digital Service ní 2011. Ìkànnì GOV.UK, tó rọ́pò Directgov àti Business Link, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n ń lo orúkọ product manager jù níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tó ga jù ú lọ, service owner, tí ó ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ àti fóònù tí a gbé.

Ní Nàìjíríà

Nínú àwọn àjọ ìjọba Nàìjíríà, orúkọ ipò yìí kì í sábà hàn lórí ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fọ́n káàkiri: díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, díẹ̀ lọ́wọ́ olùdarí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tó ń ṣàkíyèsí rẹ̀.

JAMB wà lára àwọn àjọ tí iṣẹ́ wọn ti wọ orí kọ̀ǹpútà jù. Ní 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ní 2015 wọ́n sì pa ti orí ìwé tì pátápátá. Lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede di Akọ̀wé Àgbà àjọ náà ní 2016, wọ́n gbé CAPS kalẹ̀ ní 2017, ètò tí gbogbo ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ gbà kọjá, títí kan ti Yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 fi hàn bí ipò product owner ti ṣe kókó tó. Fún ìdánwò ọdún náà, JAMB ṣe àwọn àyípadà sí ètò rẹ̀, lára wọn ni pé kí a máa da àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn rú fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì yí ọ̀nà tí a fi ń yẹ ìdáhùn wò padà. Oríṣi sáfà méjì ló ń gbé ìdánwò náà lọ sí àwọn ibùdó: ọ̀wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní KAD, òmíràn tí wọ́n ń pè ní LAG, tó ń sin Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù. Wọ́n fi àtúnṣe tuntun sí ọ̀wọ́ KAD. Agbaṣẹ́ṣe tó yẹ kí ó fi sí ọ̀wọ́ LAG kò fi í síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i kí àwọn ọmọ tó jókòó.

Èsì jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ni kò gba tó máàkì 200 nínú 400. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti dí ọ̀nà magomágo. Ṣùgbọ́n àwọn òbí àti olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ń mú èsì àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n kàwé wá. JAMB tún ètò náà yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Oloyede jáde sí gbangba ní Àbújá, ó gbà pé àṣìṣe wà, ó bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì sunkún. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 65 ní Èkó àti 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 379,997: 206,610 ní Èkó, 173,387 ní ìlà-oòrùn gúúsù. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò náà ṣe, ní àkókò kan náà tí ìdánwò WAEC ń lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń du àyè ní yunifásítì kan náà.

Ọ̀gá àgbà tó bá ru ẹrù àjọ rẹ̀ sórí ara rẹ̀ ní gbangba yẹ fún ìyìn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó ń darí àjọ tó tóbi báyìí, tó ń bá mínísítà àti àwọn ọ̀gá yunifásítì jókòó, kò lè jẹ́ ẹni tí yóò lọ wò bóyá àtúnṣe ti wọ sáfà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí product owner wúlò nìyí. Ìbéèrè rẹ̀ kì bá má ju ẹyọ kan lọ ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò: ta ló rí i pé ọ̀wọ́ méjèèjì bára mu? Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dáhùn, ó yẹ kí ó ní àṣẹ láti ní kí ìdánwò má tíì bẹ̀rẹ̀. Fífún ọmọdé òṣìṣẹ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìfún un ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ní àǹfààní.

Ọ̀rọ̀ síso NIN pọ̀ mọ́ nọ́ḿbà fóònù fara jọ èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so ó pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èrò kún ọ́fíìsì NIMC fọ́fọ́ ní àkókò àrùn Kòrónà, wọ́n sì sún gbèdéke náà síwájú léraléra títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2022, tí wọ́n wá dí ìpè tó ń jáde láti orí àwọn nọ́ḿbà tí kò tíì so. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ irú ìpinnu tí ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà NIMC fún wákàtí kan kò ní dábàá.

Ní gúúsù Èkìtì

Ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ òkè Ọlọ́sunta, èrò pé kí iṣẹ́ kan pàtó ní ẹni tó ni ín lọ́wọ́ kì í ṣe tuntun. Ogògà ló wà lórí ìtẹ́ ìlú. Olúkẹ́rẹ́ ni bíbọ Ọlọ́sunta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ààlà láàárín àṣẹ méjèèjì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí ọdún Ọlọ́sunta bá dé, kò sí ẹni tó ń bèèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ètò ìbọ náà wà.

Ní ti iṣẹ́ orí ayélujára, ohun tó máa ń fa wàhálà ní agbègbè yìí kì í sábà jẹ́ sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀. Ní 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí wọ́n ń gbà lórí gbígbẹ́ ilẹ̀ fún okùn íntánẹ́ẹ̀tì kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà fún mítà kan. Síbẹ̀, product owner tó jókòó ní Àbújá lè gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìṣẹ́, Ọ̀run àti Ẹmùrẹ́ kì í fi fóònù ara wọn forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun: ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà ni wọ́n ń lọ, oníkọ̀ǹpútà náà ló ń tẹ orúkọ wọn, nígbà mìíràn ímeèlì tirẹ̀ ló ń fi sí i. Nígbà tí ètò bá wá fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yẹn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kì í rí i. Ètò tí a kọ fún ẹnì kan tó dá wà níwájú fóònù rẹ̀ kò bá ìgbésí ayé yìí mu, àyàfi bí product owner bá fi oníkọ̀ǹpútà náà kún àwọn tí ó ń kọ ètò náà fún.

Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tún wà níbẹ̀. Ìlànà Unicode ní àmì ẹyọ kan fún ẹ àti fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àmì méjì ni a ó tò pọ̀. Ètò tí kò bá mọ èyí yóò ka Ọlá àti Ola sí ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìbéèrè. Láti yẹra fún un, èyí tó pọ̀ nínú àwọn fọ́ọ̀mù ìjọba ń gba lẹ́tà lásán, láìsí àmì kankan. Bóyá kí ètò gba orúkọ bí àwọn òbí ṣe sọ ọ́, kí ó sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni pẹ̀lú èyí tí kò ní àmì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpinnu tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè mú ṣẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni tó ni àkójọ iṣẹ́ náà bá gbé e sókè.